Bí ẹ ṣe máa yan iléeṣẹ́ fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé, tí owó yín kò ní ṣòfò

Ohun tí mo ń rí lemọ́lemọ́ nìyí. Ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Bẹ̀nẹ̀, gbọ́ pé fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń dín owó ìpè sí Faransé àti Nàìjíríà kù. Ó rí iléeṣẹ́ kan tí owó rẹ̀ kéré, ó san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó so ẹ̀rọ mọ́ ráútà ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, ohùn mọ́ gaara. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, ohùn ti ń já. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti padà sí bó ṣe ń pè tẹ́lẹ̀, owó ọdún kan sì ti wọ àpò ẹlòmíì.

Èmi náà ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Iléeṣẹ́ tí mo san án fún kò dá nǹkan kan padà, torí wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn, èmi ni mi ò kà á dé ìsàlẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mo ti bá ẹbí àti aládùúgbò ṣe é ní Oganla, ní Ouando, títí dé Kétu. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan ṣoṣo ni mo rí tó ń gbè wá: ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí à ń pè, ká yẹ íntánẹ́ẹ̀tì ilé wò, ká tó wá iléeṣẹ́. Iléeṣẹ́ ló gbẹ̀yìn.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró sílé, yálà fibre, ráútà 4G tàbí Starlink. Ẹ má ṣe fi íntánẹ́ẹ̀tì inú fóònù ọwọ́ yín pín fún ilé. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e lọ sọ́jà Ouando, fóònù ilé kú nìyẹn.
- Fóònù Android kan tàbí kọ̀ǹpútà, fún ìdánwò.
- Gbohùngbohùn etí tó ní ibi tí a ń sọ̀rọ̀ sí. Ohùn tó ń jáde láti ẹnu fóònù lè tan yín jẹ nígbà ìdánwò.
- Ìwé àti bírò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí.
- Káàdì Visa tó lè sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún iléeṣẹ́ òkèèrè. Ẹ bi báńkì yín tàbí àwọn tó ń bójú tó owó orí fóònù yín bóyá wọ́n ní èyí tí ẹ lè máa rọ owó díẹ̀díẹ̀ sí.

Ẹ má tíì ra fóònù orí tábìlì, ẹ má sì tíì ra àpótí kékeré tó ń so ó mọ́ ráútà. Ìgbà wọn ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ àwọn tí ẹ ń pè sílẹ̀

Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù yín, kí ẹ ka ti oṣù tó kọjá. Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orílẹ̀-èdè tó wà, bóyá fóònù alágbèéká ni ẹ ń pè tàbí ti orí tábìlì, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ lò. Ẹ sàmì sí àwọn tó ní WhatsApp.

Bí gbogbo wọn bá ní WhatsApp, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò, ẹ dúró níbí. Ẹ kò ní ìdí láti san owó fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ èyí fún àwọn tó ti fẹ́ ra ẹ̀rọ tán, inú wọn kò dùn sí i, àmọ́ òótọ́ ni.

Fóònù tí à ń sanwó fún wúlò fún ẹni tó ń pe ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn, báńkì tàbí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ lókèèrè. Ó wúlò fún ẹni tí òbí rẹ̀ kò lè lo fóònù tí à ń fọwọ́ fà. Ìyá mi ní Kétu wà lára wọn. Fóònù olójú gíláàsì sú u. Ohun tó fẹ́ ni èyí tó ní bọ́tìnnì, tó ń dún kíkan, tó máa gbé sétí kó sì sọ pé "Àló", kó dáhùn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Bordeaux.

Ẹ tún bi ara yín léèrè bóyá ẹ̀yin lẹ máa ń pè, tàbí àwọn ló máa ń pè yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè, ẹ kò nílò nọ́ńbà òkèèrè rárá, owó ìpè nìkan lẹ máa san. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn tó wà ní Faransé máa pè yín ní iye tí wọ́n fi ń pe ara wọn, ẹ nílò nọ́ńbà Faransé tó máa dún nílé yín ní Àjàṣẹ́. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 09 ni wọ́n sábà máa ń lò fún fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Oṣooṣù ni a sábà máa ń san owó irú nọ́ńbà yìí, àwọn iléeṣẹ́ kan sì máa ń béèrè àdírẹ́sì tó wà ní orílẹ̀-èdè náà kí wọ́n tó fúnni. Ọmọ tàbí àbúrò tó ń gbé níbẹ̀ ló máa gbà á lórúkọ ara rẹ̀ nígbà náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ẹ bá lè ka gbólóhùn kan bí èyí jáde látinú ìwé yín, ẹ ti ṣe é: "Faransé, fóònù orí tábìlì, 90 ìṣẹ́jú lóṣù, Nàìjíríà, alágbèéká, 60 ìṣẹ́jú, àwọn náà máa ń pè mí." Bí ẹ kò bá tíì lè kà á báyìí, ẹ má kọjá síbòmíì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín wò, ní alẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá, ibí náà ni owó sì ti ń ṣòfò.

Ohùn yín kì í rìn lódindi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, bí ègé 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ègé kọ̀ọ̀kan á sì máa dá rìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ń ba ìrìn yẹn jẹ́: kí ègé pẹ́ lọ́nà, kí wọ́n máa dé ségesège, èyí tí ojú ẹ̀rọ máa ń pè ní jitter, tàbí kí òmíràn sọnù.

Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yára tó, wọ́n á ní 10 méga, 20 méga. Ìyára kọ́ ló ń dun fóònù. Ìpè kan kò ju nǹkan bí 100 kilobit lọ ní àlọ àti iye kan náà ní àbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Íntánẹ́ẹ̀tì tó lè gbé fíìmù lè gbé ìpè mẹ́wàá, kó sì tún máa já ohùn yín, bí àwọn ègé bá ń pẹ́ tàbí tí wọ́n ń sọnù.

Àjọ ITU, tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, dámọ̀ràn pé kí ohùn má pẹ́ ju 150 ms lọ láti ẹnu ẹni kan dé etí ẹni kejì, kó má sì kọjá 400 ms rárá. 1000 ms ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ti pẹ́ jù, ẹ máa rí i pé ẹ̀yin méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pa pọ̀, ẹ sì ń dákẹ́ pa pọ̀.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò lórí kọ̀ǹpútà Windows: ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní cmd, kí ẹ tẹ `ping -n 100 8.8.8.8`. Àdírẹ́sì ẹ̀rọ Google kan ni 8.8.8.8. Ó máa ran ègé 100 lọ, ó máa ka iye tó padà bọ̀, ó sì máa sọ èyí tó yá jù, èyí tó pẹ́ jù, àti àárín wọn. Àkókò àlọ àti àbọ̀, tí wọ́n ń pè ní ping, ló ń kà, torí náà kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú ti ẹnu sí etí. Bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ lo ojú ìwé ìdánwò ìyára lórí fóònù, kí ẹ wo ibi tó kọ ping àti jitter, ẹ fi ti ìyára sílẹ̀.

Iye tí mo máa ń wá:

- àárín ping, kó wà lábẹ́ 200 ms;
- jitter, kó wà lábẹ́ 30 ms;
- ègé tó sọnù, kó má ju 1 lọ nínú 100.

Ẹ ṣe é ní aago méje àárọ̀, ní ọ̀sán, àti láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọjọ́ kan nínú wọn jẹ́ Sátidé tàbí Sọ́ńdè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àárọ̀ kò lè sọ òótọ́ fún yín nítorí gbogbo àdúgbò kò tíì dé sórí rẹ̀. Ti alẹ́ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ohun kan wà tó máa ń fara pamọ́. Nílé àbúrò mi ní Ouando, ping dára lọ́sàn-án, ó sì bàjẹ́ gan-an lálẹ́, a sì ti fẹ́ dá iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Mo ní kí wọ́n pa Wi-Fi fóònù kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó kan ti ọmọkùnrin rẹ̀, nọ́ńbà sáré wálẹ̀. Fọ́tò ni fóònù ọmọ náà ń gbé lọ sí Google Photos ní gbogbo alẹ́ tó bá ti wọlé, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Fọ́tò tó ń jáde nílé ló kún ojú ọ̀nà tí ohùn náà fẹ́ gbà jáde. A pa ètò tó ń gbé fọ́tò lọ fúnra rẹ̀ yẹn, ó parí. Torí náà, kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ẹ̀rọ yòókù, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ kíyè sára: ibi tí fóònù máa jókòó sí ni kí ẹ ti dán an wò. Ògiri àwọn ilé àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ nípọn, Wi-Fi tó lágbára ní pálọ̀ lè kú sí yàrá Màmá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí ẹ tún un ṣe. Bí ti wáyà bá dára tí ti Wi-Fi kò dára, wáyà ni fóònù ilé máa lò.

Ẹ tún ka dátà, bí forfait yín, ìyẹn dátà tí ẹ rà, bá lópin. Ohùn tí wọn kò fún pọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ G.711, ń jẹ nǹkan bí 78 MB ní wákàtí kan. Èyí tí wọ́n fún pọ̀, G.729, ń jẹ nǹkan bí 28 MB. Wákàtí kan lójúmọ́ lórí G.711 máa jẹ 2.3 GB lóṣù, kí ọmọ ilé tó wo fídíò kankan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ó kéré tán, alẹ́ méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàárín iye òkè yìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tún íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, tàbí kí ẹ yí i padà, kí ẹ tó wá iléeṣẹ́ fóònù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tí ògiri yín kan ara wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: èwo ló ń lò, báwo ló ṣe rí lálẹ́? Àwọn tó wà ní abúlé ẹ̀yìn Kétu, níbi tí fibre kò dé, lè wo Starlink, tó ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, àmọ́ owó ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ìpè nìkan.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ irú iléeṣẹ́ tí ẹ ń wá

Irú mẹ́ta ló wà.

Àkọ́kọ́ ni áàpù tó ń pe áàpù: WhatsApp, Telegram, Messenger. Dátà nìkan lẹ ń san.

Èkejì ni áàpù tó ń jẹ́ kí ẹ rọ owó sí i láti pe fóònù lásán lókèèrè, bíi Viber Out àti Rebtel. Ó rọrùn, kò sí ẹ̀rọ kankan láti so, àmọ́ orí fóònù olójú gíláàsì ló ń gbé.

Ẹ̀kẹta ni iléeṣẹ́ SIP. SIP ni èdè tí àwọn fóònù íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pe ara wọn. Wọ́n máa fún yín ní orúkọ, ọ̀rọ̀ aṣínà àti àdírẹ́sì ẹ̀rọ wọn, ẹ lè fi wọ́n sínú áàpù, ẹ sì lè fi wọ́n sínú àpótí tó ń so fóònù orí tábìlì. VoIP.ms, Callcentric, Zadarma àti OVH wà lára wọn. Bó bá jẹ́ fún Màmá ni, irú ẹ̀kẹta yìí ni.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bi mí nípa Google Voice. Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ti aládàáni fún, ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ kò lè gbà á bó ṣe yẹ. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀, ẹ má sì ra èyí tí ẹnì kan ti ṣí kalẹ̀ tó ń tà, nítorí orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka owó wọn bí ẹni ń ka owó ọjà

Ẹ mú iléeṣẹ́ mẹ́ta, ẹ má mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ gbé ìwé ìgbésẹ̀ 1 kalẹ̀. Ẹ wá iye orílẹ̀-èdè tiyín gan-an. Iye ńlá tí wọ́n kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí ti fóònù orí tábìlì ní Faransé. Ti alágbèéká lè ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nàìjíríà sì ní iye tirẹ̀. Pípe Bẹ̀nẹ̀ láti òkèèrè wọ́n, torí náà kò mọ́gbọ́n dání láti máa fi iléeṣẹ́ òkèèrè pe ẹni tó wà ní Ṣábẹ. Nọ́ńbà MTN, Moov tàbí Celtiis tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi pè é.

Ẹ wo irú owó tí wọ́n ń gbà. Iye euro kan kò kúrò lójú kan: 655.957 sẹ́fà ni. Èyí túmọ̀ sí pé bí iléeṣẹ́ bá ń gba euro, ẹ mọ iye tí ẹ máa san lóṣù tó ń bọ̀. Ti dọ́là máa ń lọ sókè sódò. Bí nǹkan méjì bá dọ́gba, èmi máa mú ti euro.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iléeṣẹ́ kan ń gba 0.10 euro fún ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 65.6 sẹ́fà. Ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 5. Èyí tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan máa gba 71 sẹ́fà. Èyí tó ń ka ìṣẹ́jú lódindi máa gba ìṣẹ́jú méjì, 131 sẹ́fà. Orí ìwé, iye kan náà ni àwọn méjèèjì kọ. Ẹni tó máa ń pe kúkúrú kúkúrú, bíi "mo ti dé o", ni èyí ń dùn jù.

Àwọn owó míì tó ń fara pamọ́ sísàlẹ̀ ìwé:

- owó tí wọ́n ń gbà gbàrà tí ẹni tí ẹ pè bá gbé e, kí ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀;
- owó nọ́ńbà oṣooṣù, àti owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀;
- owó orí;
- ọjọ́ tí owó tí ẹ rọ máa kú bí ẹ kò bá lò ó;
- iye tó kéré jù tí wọ́n gbà kí ẹ rọ sí i.

Bí wọ́n bá ní ìpè kò lópin, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ òpin náà. Ó sábà máa ń wà: iye ìṣẹ́jú lóṣù, tàbí iye nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ẹ lè pè, tàbí fóònù orí tábìlì nìkan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi iye ìṣẹ́jú oṣù tó kọjá ṣírò owó lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní sẹ́fà, kí ẹ fi wé iye tí ẹ ń ná báyìí. Bí ohun tí ẹ máa fi pamọ́ lóṣù kò bá tó 2000 sẹ́fà, mi ò rò pé wàhálà rẹ̀ yẹ, àyàfi tó bá jẹ́ nítorí Màmá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kí ẹ tó sanwó

Ẹ kọ̀wé sí wọn. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn nígbà tí ẹ fẹ́ fún wọn lówó, ẹ lè mọ bó ṣe máa rí nígbà tí ẹ bá ní ìṣòro. Ẹ béèrè pé:

Ṣé àwọn gba oníbàárà tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú káàdì Bẹ̀nẹ̀? Mo ti rí ẹni tó forúkọ sílẹ̀, tó sanwó, tí wọ́n wá ti orúkọ rẹ̀ pa lọ́jọ́ kejì nítorí ibi tó ti ń wọlé.

Ṣé wọ́n ń bo ohùn mọ́lẹ̀, kí ẹlòmíì má baà gbọ́ ọ lọ́nà? Orúkọ tí ẹ máa gbọ́ ni TLS àti SRTP. Bí kò bá sí, ẹ má máa ka nọ́ńbà káàdì báńkì lórí fóònù náà.

Ìlú wo ni ẹ̀rọ wọn wà? Bí wọ́n bá ní Paris àti Montreal, Paris ni kí ẹ mú, ó sún mọ́ wa jù. Ẹ gba àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi í rọ́pò 8.8.8.8 nínú ìdánwò ìgbésẹ̀ 2. Ẹ̀rọ Google lè wà nítòsí, kó dáhùn kíákíá, kí ti iléeṣẹ́ fóònù sì jìnnà. Ti iléeṣẹ́ náà ni ohùn yín máa tọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ tó jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, ẹ béèrè lọ́dọ̀ ARCEP, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, bóyá ó láṣẹ. Ẹ má gbà á lẹ́nu olùtajà.

Ìkìlọ̀ tí mi ò ní fi wẹ́rẹ́ sọ: iléeṣẹ́ òkèèrè kò lè so yín pọ̀ mọ́ panápaná Àjàṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ 118 lórí fóònù yẹn nígbà tí ilé ń jó, ó lè má lọ síbì kankan. Ẹ fi fóònù alágbèéká kan tó ní káàdì SIM sílé nígbà gbogbo, kí ẹ fi han àwọn ọmọ àti Màmá pé èyí ni wọ́n máa fi pe ìrànwọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ rọ owó kékeré, kí ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì

Iye tó kéré jù tí wọ́n gbà ni kí ẹ san. Kò sí iléeṣẹ́ tó tóbi jù láti pa ilẹ̀kùn dé: Skype, tí gbogbo ayé mọ̀, parí lọ́jọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2025.

Ẹ gba Linphone tàbí Zoiper sórí fóònù yín, kí ẹ fi orúkọ, ọ̀rọ̀ aṣínà àti àdírẹ́sì tí wọ́n fún yín sínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ìdánwò tó ń dá ohùn ẹni padà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ SIP ló ní i. Ẹ ka láti ení dé ẹ̀wá. Bí ìdáhùn bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ti dé ẹẹ́ta kí ẹ tó gbọ́ ení, ọ̀nà náà kò dára.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ènìyàn gidi, ní alẹ́. Àwọn àmì àìsàn nìyí, àti ohun tó ń fà wọ́n:

*Ẹ ń gbọ́ ọ, kò gbọ́ yín.* Ráútà ló sábà máa ń dí ọ̀nà kan. Ẹ wọ inú ètò ráútà, kí ẹ wá ohun tí wọ́n ń pè ní SIP ALG, kí ẹ pa á. Wọ́n ṣe é láti ran fóònù lọ́wọ́, àmọ́ mo ti rí i tó ń ba ti ilé jẹ́ ju bó ṣe ń tún un ṣe lọ. Bí kò bá lọ, ẹ yan TLS nínú áàpù.

*Ìpè ń já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 32, lójoojúmọ́, bí aago.* Àìsàn kan náà ni, oògùn kan náà ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé íntánẹ́ẹ̀tì yín kò lágbára. Íntánẹ́ẹ̀tì tí kò lágbára kì í mọ aago.

*Ìpè kò wọlé sílé, àfi bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í pe ẹlòmíì.* Ráútà ti gbàgbé fóònù náà. Ẹ dín àkókò ìforúkọsílẹ̀ inú áàpù kù sí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

*Ẹ tẹ 1 fún báńkì, ẹ̀rọ wọn kò gbọ́.* Ẹ wá DTMF nínú ètò áàpù, kí ẹ yí i sí RFC 2833.

*Ìpè láti òkèèrè kò dé nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ yín.* Ẹ yẹ bí wọ́n ṣe tọ́jú nọ́ńbà náà sọ́wọ́ wò. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà wa ti di ti díjíìtì 10, 01 ló ṣáájú gbogbo wọn. +229 01, kí nọ́ńbà 8 àtijọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó wà ní Abidjan àti Faransé ṣì ní ti àtijọ́ nínú fóònù wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nínú ìpè 10 tí ẹ bá pè lálẹ́, 9 gbọ́dọ̀ lọ títí dé òpin láì jẹ́ pé ẹnì kankan sọ pé "mi ò gbọ́ ẹ mọ́". Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé iléeṣẹ́ kejì nínú ìwé yín.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wá ra àpótí àti fóònù oníbọ́tìnnì

Àpótí náà ń jẹ́ ATA. Ìhà kan rẹ̀ máa wọ ráútà pẹ̀lú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù orí tábìlì èyíkéyìí máa wọ ìhà kejì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá iléeṣẹ́ kan ti tì í mọ́ ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti tì kò ní gba iléeṣẹ́ míì láéláé.

Gbàrà tí ẹ bá tàn án, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá padà. Àwọn olè wà tó ń wá àpótí tí ẹnikẹ́ni kò yí tiẹ̀ padà, kí wọ́n fi pe nọ́ńbà olówó gọbọi lórí owó yín ní òru. Nínú ìwé ìṣirò (account) yín lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà, ẹ pa ìpè sí gbogbo orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ìwé ìgbésẹ̀ 1, ẹ má sì gbà kó máa fa owó látinú káàdì yín fúnra rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé fóònù náà. Kó máa hùn sétí. Ẹ fi alágbèéká pè é, kó dún.

Ìgbésẹ̀ 8: Iná

Fóònù àtijọ́ máa ń gba iná láti inú wáyà rẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀: bí SBEE, iléeṣẹ́ iná mànàmáná, bá mú iná lọ, ráútà kú, àpótí kú, fóònù dákẹ́.

Ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ká ní ráútà gba 12V, 1A, wáàtì 12 nìyẹn. Àpótí gba nǹkan bíi wáàtì 5. Àpapọ̀ jẹ́ 17. Bátìrì 12V, 7Ah ní wáàtì-wákàtí 84 nínú (12 lọ́nà 7), àmọ́ ẹ má lò ju ìdajì lọ kó má baà tètè bàjẹ́. 42 tí ẹ bá fi 17 pín jẹ́ nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ amúnádúró (UPS) tó bá fólítì ráútà yín mu gan-an. 12V lórí ẹ̀rọ 5V máa jó o.

Iná nìkan kọ́ ló ń lọ. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Bátìrì kò ràn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wọlé sí ìwé ìṣirò yín, kí ẹ ní kí ìpè máa yí lọ sí alágbèéká yín bí fóònù ilé kò bá dáhùn, bí iléeṣẹ́ bá gbà á. Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ máa san owó ìpè tó yí wá sí Bẹ̀nẹ̀ yẹn, torí náà ẹ fi òpin sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ pa iná gbogbo ilé, kí gbogbo yàrá ṣókùnkùn. Ẹ pe ẹni tó jìnnà jù nínú ìwé yín, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo ṣe èyí fún ìyá mi ní Kétu, àtùpà lọ́wọ́ mi, ó bá ọmọ rẹ̀ tó wà ní Bordeaux sọ̀rọ̀ títí, kò tilẹ̀ béèrè ìdí tí iná fi lọ. Ọjọ́ kejì ni mo tó san owó oṣù mẹ́ta.